Òjá Tí Mo Fi Di Èjìká Màámi

                                                  Ojúlé Keje,
                                                  Àdúgbò Òkè-Ayọ̀,
                                                  Ìkọ̀lé-Èkìtì,
                                                  Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
                                                  Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, 2007.

Mobọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Báwo ni òtútù Jọ́ọ̀sì? Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti ń jẹ yín lẹ́nu níbẹ̀ báyìí, nígbà tí àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí eruku rẹ̀ lórí àga. Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun, àbí ó ṣì ń fi oúnjẹ ya àwòrán sí ara ògiri? Orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà tí o wá sílé ní Àjíǹde, ṣé o ti gbé e lọ fún dókítà, àbí o ṣì ń fi òróró pa á tí o ń purọ́ fún ara rẹ? Ilé wa níbí, dáadáa la wà. Abíọ́lá ọkọ mi ń bẹ, ó kí ọ. Kíkẹ́lọmọ ọmọ wa náà ń bẹ ní ilé ọkọ rẹ̀ n'Ílọrin, ikùn rẹ̀ ti yọ síta, oṣù tó ń bọ̀ la ń retí.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Abẹ́ igi máńgòrò ilé kejì nìkan ni fóònù wa ti ń gbọ́ nǹkan, onílé ibẹ̀ sì máa ń gbé àga wá síta láti bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìjẹ́wọ́ wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kí o já lu ọ̀rọ̀ mi kí n tó jẹ́wọ́ tán. O mọ ara rẹ.

Kí n má fi ọkàn rẹ sókè: Màámi ti bọ́. Wọn ò ní tún un là mọ́. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí ni dókítà àgbà sọ ọ́ fún wa n'Íbàdàn, láti ìgbà náà ni oorun oṣù mẹ́ta ti ń san gbèsè fún mi. Lánàá, orí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo sùn sí lọ́sàn-án, mo fi itọ́ ba ìṣirò ẹni kan jẹ́. Inú mi dùn, Mobọ́lá. Ó dùn débi pé mo ń bẹ̀rù rẹ̀.

O rántí bí ó ṣe ṣubú. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí o padà sí Jọ́ọ̀sì ni. Òjò ti jẹ́ kí ọ̀nà oko Ìpáò máa yọ̀, Màámi ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko bí ẹni tí kì í ṣe ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi èjìká ọ̀tún gúnlẹ̀. Mo sọ fún ọ nígbà náà pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n mi ò ráyè ṣàlàyé. Orí eegun apá, ibi rogodo tó wọ inú èjìká, ló fọ́ sí wẹ́wẹ́. Dókítà àgbà fi fọ́tò eegun náà hàn wá, ó ní kò sí ohun tí òun lè tò pọ̀ níbẹ̀ mọ́, pé òun máa yọ ọ́ kúrò, òun máa fi rogodo onírin rọ́pò rẹ̀, òun á sì fi àwo kékeré kan sí ara eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká, kí irin náà lè máa yí nínú rẹ̀. Abíọ́lá bi í bóyá irin náà kò ní dógùn-ún. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ohun tí èmi náà fẹ́ béèrè gan-an nìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Wọ́n fi aṣọ gbé apá kọ́ Màámi lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ní tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí a tú u, kí a máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní fisió, àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo ara padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé. Olùkọ́ ni mí, mo mọ ìwé kọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ilé ló wá gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

O mọ̀ pé teguntegun ni bàbá tó bí Màámi. Nígbà ayé wọn, bóyá ni ẹsẹ̀ kan wà tó kán láti Ìpáò dé Odò-Orò tí kò gba ọwọ́ wọn kọjá. Màámi ló ń di igi mú fún wọn nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, ohun tó sì kọ́ lọ́wọ́ wọn ni pé eegun tí a kò bá dì, kò ní dúró. Lọ́jọ́ tí a tú aṣọ ọrùn yẹn, bí a ṣe délé, ó pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

“Fọlákẹ́,” ó ní, “wọ́n ti ṣe uṣẹ́ tiwọn. Ó ku uṣẹ́ ulé abà mi. Dì mí.” Iṣẹ́ ilé bàbá rẹ̀ ló ń wí.

Mo lọ ṣí àpótí. Kí lo rò pé mo mú jáde? Òjá kíjìpá tí ìyá rẹ fi ọwọ́ ara wọn hun ní Òmù, tí o gbé wá fún mi nígbà ìsọmọlórúkọ Kíkẹ́lọmọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n sinmi, ìyá rẹ kò hun aṣọ yẹ̀pẹ̀rẹ̀ rí. Mo wé òjá náà gba abẹ́ abíyá Màámi, mo gbé e kọjá lórí eegun ẹ̀yìn èjìká lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi orúnkún tì í lẹ́yìn, mo fà á. Ó ní kí n tún un fà. Mo tún un fà. Ó wọ bùbá lé e, ó sì dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá. Àràárọ̀ ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ síléèwé, láti Oṣù Kẹfà títí wọ Oṣù Kẹsàn-án. Tọkàntọkàn ni mo fi ń ṣe é. Ìjẹ́wọ́ mi nìyẹn.

Èyí tó burú jù ni pé lọ́jọ́ tí a bá ń lọ Ìdó, a máa ń tú òjá náà sílẹ̀ nílé. Màámi ní àwọn ọmọ kéékèèké tó wà níbẹ̀ kò lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, mo á ká òjá, mo á fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, tí a bá ti dé, mo á tún dì í padà kí n tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀.

Apá ò gbéra. Ìbùkúnolúwa, fisió tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìdó, á ní kí ó gbé e, apá á gòkè dé ọ̀kánkán ọmú, á dúró síbẹ̀. Bí Màámi bá fẹ́ fi agbára gbé e, èjìká yẹn lódindi ló máa gùn dé etí, bí ẹni tó ń sọ pé kí ló kan òun. Ó tilẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó àlùfáà wa kí Màámi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Màámi fẹ́ juwọ́ sí wọn, èjìká ló dáhùn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìyá náà fi ń wò wá bí ẹni tó jẹ ẹran wọn. Èmi ni mo lọ kúnlẹ̀ nílé wọn, tí mo ń ṣàlàyé pé irin ló wà níbẹ̀, pé kì í ṣe ìgbéraga.

Mo ń fi rẹ́rìn-ín báyìí ni o. Nígbà yẹn, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu mi. Nígbà tí a padà sí Ìbàdàn ní Oṣù Kẹjọ, dókítà àgbà tún ya fọ́tò eegun náà, ó wò ó títí. Ó ní ibi tí òun fi irin sí náà ló wà, kò sì yé òun ìdí tí apá fi kọ̀ láti gòkè. Ó fún wa di ìparí Oṣù Kọkànlá. Ó ní bí kò bá kọjá èjìká nígbà náà, òun máa tún ibẹ̀ là, kí òun wo ohun tó ń dí i lọ́nà. A wọ ọkọ̀ padà sílé, a kọjá Adó. Nígbà tí a ń sún mọ́ Ìfàkì, Màámi sọ̀rọ̀.

“Mi ò níí padà sórí tábìlì yẹn. Bí ọwọ́ yìí ò bá lọ sókè, kó wà nílẹ̀. Ẹ gbé mi lọ Ìpáò, kí n jókòó lí ulé abà mi títí Olúwa á fi pè mí.”

Kò pariwo, kò sunkún. O mọ Màámi, tó bá ti fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ nǹkan, ó ti parí nìyẹn. Ojú mi là gbagada ní gbogbo ọ̀nà. Obìnrin tó ń já kòkó fúnra rẹ̀, tó ń wé gèlè láìwo jígí, èmi ni mo wá ń wẹ̀ fún, èmi ni mo ń wé gèlè fún. O sì mọ̀ pé mi ò mọ gèlè wé. Á wo ara rẹ̀ nínú jígí, á mí kanlẹ̀, á ní kò burú, Ọlọ́run ń wo ọkàn. Ẹ̀rù bà mí pé báyìí ló ṣe máa parí. Ohun tí mo sì ṣe sí ẹ̀rù náà ni pé mo di òjá le sí i.

Bí Ọlọ́run ṣe wá dá sí i nìyí. Àbúrò ọkọ mi tó ń jẹ́ Jacob ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ Ìdó. Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú Oṣù Kẹsàn-án, ó tètè dé ní odidi wákàtí kan ṣáájú àkókò, torí pé ó ní èrò tó fẹ́ gbé ní Ọyẹ́. Ó ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí iná ń jó. Màámi ń wá bàtà, èmi ń wá káàdì, òjá sì wà lára. A ti kọjá Ọyẹ́ kí n tó rántí. Mo wo Màámi, Màámi wo ìta.

Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Ìbùkúnolúwa, kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí Màámi kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ti ń ro ọ̀rọ̀ apá yìí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pé lónìí, òun fẹ́ fọwọ́ lé eegun ẹ̀yìn èjìká nígbà tí apá bá ń gbéra. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ náà dúró.

“Màmá, kí lèyí?”

Màámi gbójú sókè, ó ń wo àjà. Èmi ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, Màámi ní, “Ùdì ni, a fi dì í ni.”

Kò bá wa jà o. Bóyá ì bá ti sàn kó bá wa jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, bó ṣe ń tú u ló ń ká a sí apá ara rẹ̀, òjá ìyá rẹ kò sì tètè tán. Nígbà tó tán, mo rí ohun tí mi ò wò rí nígbà tí mo ń kánjú dì í láràárọ̀. Àpá òjá náà ti wọ ara Màámi ṣinṣin, orí eegun pẹlẹbẹ yẹn gan-an ló gbà kọjá.

Ìbùkúnolúwa yí ẹ̀yìn tirẹ̀ sí mi, ó ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ lé eegun náà. Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Mobọ́lá, eegun náà rìn lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó yí, ó sì yọ́ lọ sí ìhà, bí ọmọ tó ń yí nínú oyún. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń gbé ọwọ́ sókè láyé yìí, mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ń rìn lẹ́yìn mi. Ó ní kí n wá fọwọ́ lé ti Màámi. Pákó. Kò sí ohun tó mì.

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní àwo tí irin yẹn ń yí nínú rẹ̀, ara eegun ẹ̀yìn ni wọ́n kàn án mọ́. Bí eegun náà kò bá yí, àwo ò lè kọjú sókè, bí àwo ò bá sì kọjú sókè, kò sí ibi tí apá máa gbà. Ó ní bí apá bá gbé ẹsẹ̀ méjì, eegun ẹ̀yìn ní láti gbé ẹyọ kan tẹ̀lé e. Iṣẹ́ dókítà pé, irin náà pé, àwa la so ẹnìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Màámi kọ́kọ́ ń jiyàn. Ó sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún ọmọ náà, bí wọ́n ṣe ń di eegun, iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dì í. Ìbùkúnolúwa gbọ́ ọ tán, ó tún padà kúnlẹ̀.

“Màmá, bàbá yín mọṣẹ́. Eegun tó kán ń fẹ́ ìdúró. Ṣùgbọ́n oríkèé ń fẹ́ ìrìn. Ká ní àwọn gan-an ló fi irin yìí síbẹ̀, wọn ò níí dì í.”

Màámi fi ọwọ́ òsì kan èjìká náà. Ó wá béèrè bóyá ó ti bàjẹ́. Ọmọ náà ní kò bàjẹ́, pé ẹran ara tó ń gbé eegun náà kiri ló ti sùn, a sì máa jí i. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Mo sunkún débi pé àwọn tó ń dúró de tiwọn níta yọjú wò wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo ń nu imú ni mo ń kọ gbogbo ohun tó ní kí a máa ṣe sínú ìwé.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, kí Màámi fara ti ògiri, kó máa fa eegun ẹ̀yìn méjèèjì sún mọ́ra wọn bí ẹni tó fẹ́ fi wọ́n há ewé. Lẹ́yìn náà, kó kọjú sí ògiri, kó máa fi ìka rìn gòkè bí aláǹtakùn, èjìká kò sì gbọdọ̀ gùn dé etí. Mo kó ṣọ́ọ̀kì bọ̀ láti iléèwé, ibi tí ìka bá dé ni mo ń fàlà sí, mo á kọ ọjọ́ oṣù sí i. Ògiri pálọ̀ tí Abíọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ni. Ó wò ó, ó wò mí, ó lọ jókòó síta. Ọkọ rere ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìlà kan náà ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi ìbú ìka kan gòkè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ṣùgbọ́n ìwọ lọ sọ ìyẹn fún Màámi nígbà tó bá ń rora. Ó bú ògiri, ó bú ṣọ́ọ̀kì, ó bú èmi náà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, mò ń tẹ́tí pẹ̀lú ọwọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú Oṣù Kẹwàá, ó yọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Díẹ̀ báyìí ni. Mò ń bẹ̀rù pé bí mo bá sọ̀rọ̀, á tún dúró.

“Ó rìn, àbí?” Màámi béèrè.

Mo ní ó rìn. Ó ní òun mọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìlà ti ń sáré. Nígbà tí a fi máa lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́bọ̀, ó ti kọjá ibi tí mo fi àwòrán ìgbéyàwó wa kọ́ sí. Síbẹ̀, mi ò sùn ní òru tó ṣáájú rẹ̀. Dókítà àgbà ní kí Màámi gbé ọwọ́ sókè. Ó gbé e, ó kọjá èjìká, ó kọjá etí, èjìká náà sì jókòó sáyè rẹ̀. Dókítà bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ lé eegun náà, ó ní kó tún gbé e. Ó wá béèrè ohun tí a ṣe. Màámi fúnra rẹ̀ ló rojọ́, kò fi nǹkan kan pamọ́, ó sì pín ẹ̀bi náà sí méjì: ó fi ìdajì lé bàbá rẹ̀ lórí, ó fi ìdajì lé mi. Òun kò kó nǹkan kan nínú rẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín títí, ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ là mọ́. Ó ní ṣé a lè fún òun ní òjá náà kí òun máa fi han àwọn tí òun ń kọ́ níṣẹ́. Màámi ní kò ṣeé ṣe, ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ ọmọ òun ni.

Lánàá, ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ti ọjà dé, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Màámi wà níbi okùn aṣọ, kò rí mi. O mọ okùn yẹn, Abíọ́lá so ó sókè nítorí ewúrẹ́, èmi gan-an máa ń na ẹsẹ̀ kí n tó dé e. Ó ti fọ òjá náà, omi ń kán lára rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó mú okùn. Ó wá gbé ọ̀tún. Mo rí eegun náà lábẹ́ bùbá rẹ̀ bó ṣe ń yí, tí ọwọ́ ń lọ, tó ń lọ, títí ó fi fi òjá lé okùn, ó sì tún etí rẹ̀ ṣe kó gún. Agbọ̀n ọjà bọ́ lọ́wọ́ mi, tòmátì fọ́n ká. Kò wẹ̀yìn.

“Ọmọ la fi í pọ̀n,” ó ní. “Tó bá gbẹ, ká a pamọ́ de Kíkẹ́lọmọ.”

Nítorí náà, òjá ìyá rẹ ń padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ hun ún. Mo ní kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni, kí o sì dárí jì mí. Gbé orúnkún rẹ lọ fún dókítà. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí gbogbo ọmọ, sọ fún Ìmọ́lẹ̀ pé bí òun bá tún fi ẹ̀bà kun ògiri, èmi náà ti fi ṣọ́ọ̀kì kun tèmi. Láàárọ̀ yìí, Màámi fúnra rẹ̀ ló wé gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dára ju èyíkéyìí tí mo wé fún un lọ, ó rí i pé gbogbo èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí ló jókòó sí, ó ń bó ẹ̀pà. Mo sọ fún un pé ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí. Ó kọjú sí ojú fèrèsé, sí apá ibi tó rò pé Jọ́ọ̀sì wà, ó sì juwọ́ sí ọ. Ọwọ́ ni o, Mobọ́lá. Kì í ṣe èjìká.

                                                  Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, adi-òjá tó ti jáwọ́,
                                                  Fọlákẹ́.